Ẹ̀rù ń darí àlejò síbòmíràn, àìlówó ló ń dá a dúró sílé

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ iléèwé àtàwọn olóhòtẹ́ẹ̀lì sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí, mo tún un kọ fún àwọn tí ò ráyè wá.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọmọ iléèwé. Wọ́n ní kí n wá sọ ohun tó máa ń fà á táwọn tó ń wá gbafẹ́ nílùú kan fi máa ń dín kù lójijì, mi ò sì ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Nǹkan méjì ló máa ń lé túrísìtì, ẹ̀rù àti àìlówó, wọ́n sì máa ń dárúkọ àwọn méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa iṣẹ́ wọn ò jọra. Ẹni tẹ́rù bà ṣì ní owó ìrìn àjò lápò, ibòmíràn ló máa ná an sí. Ẹni tí ò lówó ò lọ síbì kankan.

Ẹ jẹ́ ká mú Tùnísíà. Lóṣù March 2015 àwọn agbésùnmọ̀mí yìnbọn pa èèyàn ní mùsíọ̀mù Bardo nílùú Tunis, nígbà tó tún di June ọdún yẹn ọkùnrin kan gbé ìbọn dé etí òkun ní Sousse, èèyàn 38 ló kú, 30 nínú wọn jẹ́ ọmọ Ìlú Ọba. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ìjọba Ìlú Ọba fi ní káwọn èèyàn wọn má lọ sí Tùnísíà mọ́ àfi tó bá pọn dandan. Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wa rò pé túrísìtì fúnra ẹ̀ ló máa jókòó sílé táá máa rò ó pé ṣé kóun lọ ni àbí kóun má lọ. Rárá o. Tírú ìkìlọ̀ yẹn bá ti jáde, lọ́pọ̀ ìgbà ìnṣọ́ránsì tó rà fún ìrìn àjò náà ò ní bò ó mọ́, ilé iṣẹ́ tó ń kó èèyàn lọ sì mọ̀ pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ilé ẹjọ́ ló kàn, torí náà wọ́n á kó àwọn tó wà lọ́hùn-ún wálé, wọ́n á dá owó àwọn tó kù pa dà, wọ́n á gbé báàlù wọn lọ sápá ibòmíràn. Kódà kó o láyà bíi kìnnìún, o ò ní rí báàlù wọ̀. Ó di ọdún 2017 kí wọ́n tó ká ìkìlọ̀ yẹn kúrò lórí ọ̀pọ̀ ibi ní Tùnísíà, ohun tí ọkùnrin kan ṣe tí ò tó wákàtí kan ló sì gbà tó ọdún méjì.

Ibo wá làwọn tó fẹ́ yáàrùn lọ? Kì í ṣe Tọ́kì, torí bọ́ǹbù àti ìbọn dún níbẹ̀ náà, ní pápákọ̀ òfuurufú Istanbul ní June 2016, àwọn ológun tún gbìyànjú ìfipá-gbàjọba ní July, àlejò tó tó mílíọ̀nù 36 lọ́dún 2015 já wálẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 25. Ẹ wá wo Sípéènì, mílíọ̀nù 68 lọ́dún 2015, mílíọ̀nù 75 lọ́dún 2016. Mi ò ní gbogbo àlékún yẹn ló ti ibẹ̀ wá o, àmọ́ òkun kan náà ni, oòrùn kan náà, báàlù kan náà ló sì ń gbé wọn.

Ẹ̀rù ò tiẹ̀ mọ máàpù. Nígbà tí Ebola ń jà ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone lọ́dún 2014, àwọn òyìnbó tó ti fẹ́ lọ wo kìnnìún ní Kẹ́ńyà àti Tànsáníà bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọn ò lọ mọ́, bẹ́ẹ̀ Freetown sún mọ́ London ju bó ṣe sún mọ́ Nairobi lọ! Gáḿbíà tí ò ní ẹyọ aláìsàn kan náà jẹ nínú ìyà ẹ̀. Áfíríkà ò ju àdúgbò kan lọ lójú wọn.

Àìlówó ní tiẹ̀ kì í pariwo. Báǹkì ńlá Amẹ́ríkà kan, Lehman Brothers, wó ní September 2008, ọrọ̀ ajé ayé sì dẹnu kọlẹ̀, nígbà tó fi máa di ọdún 2009 iye àwọn tó ń sọdá sílùú onílùú lágbàáyé ti fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, kò sì síbi tẹ́ ẹ lè tọ́ka sí pé ibẹ̀ ni wọ́n kó lọ. Àwọn kan ò kúrò nílùú wọn, àwọn tó máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì lo ọjọ́ mẹ́rin. Gáḿbíà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, gbèsè ló tún ṣe é lọ́dún 2019: Thomas Cook, ilé iṣẹ́ Ìlú Ọba tó ń kó ọ̀pọ̀ àlejò wá síbẹ̀, wọko gbèsè ní September, October sì ni àsìkò wọn máa ń bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó yìnbọn, kò sẹ́ni tó ṣàìsàn.

Ẹni tó kọ́kọ́ ń jìyà ẹ̀ kì í ṣe olówó hòtẹ́ẹ̀lì. Ní Giza lórílẹ̀-èdè Íjíbítì, lẹ́yìn rògbòdìyàn 2011, àwọn tó ń fi ẹṣin gbé àlejò yípo àwọn pírámíìdì ò rówó fún ẹṣin lóúnjẹ mọ́. Ẹ fi ro àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ wò.

Nígbà tí mo ṣe tán, ọmọkùnrin kan dìde ó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, náírà tí ò tó 500 sí dọ́là kan kó tó di June 2023 ti kọjá 1,500 lọ́dún 2024, ọjà wa ti di pọ́ọ́kú lójú òyìnbó nìyẹn, kí ló dé tí wọn ò ya wá wo ààfin Ọ̀yọ́ àti igbó ọba Old Oyo?’ Ìbéèrè gidi nìyẹn. Owó tó já wálẹ̀ máa ń pe àlejò lóòótọ́, líìrà Tọ́kì já gan-an lọ́dún 2018, àlejò wọn sì kọjá mílíọ̀nù 45 lọ́dún 2019, àmọ́ ìbẹ̀rù 2016 ti rọlẹ̀ kó tó dìgbà yẹn. Tiwa, ìròyìn ajínigbé ò tíì jẹ́ kí wọ́n débi tí wọ́n á ti ka iye tí nǹkan jẹ́ (ká má tíì sọ títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́). Mo wá bi í pé ta ló máa ń kún ìlú yìí ní December. Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Houston ni, dọ́là àti pọ́n-ùn wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ti pe ìyá wọn lórí fóònù kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ohun tí ìyá bá sọ nípa ọ̀nà ni wọ́n ń gbà gbọ́, wọn kì í lọ ka ìkìlọ̀ ìjọba kankan. Mo ní kí àwọn olóhòtẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ máa polówó fún àwọn yẹn ná.