Mọ́ínmọ́ín Kan Lórí Tábìlì: Bí A Ṣe Lè Gbé Àfihàn Ewéko Ilẹ̀ Wa Kiri

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àfihàn ewéko ilẹ̀ wa, èyí tí a ó máa gbé kiri láti ilé ẹ̀kọ́ dé ọjà, láti ọjà dé ààfin. Bí wọ́n bá ti dá irú nǹkan báyìí lábàá, ohun tí mo sábà ń gbọ́ ni pé kí a wọ igbó lọ wá igi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ohun tí èèyàn ń jẹ lójoojúmọ́ ni kí a fi ṣáájú.

Ẹ tú mọ́ínmọ́ín kan sórí tábìlì. Ẹ̀wà inú rẹ̀, ọmọ onílẹ̀ ni, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níbí ni wọ́n ti ń gbìn ín láti ayébáyé. Epo pupa ńkọ́? Ọmọ onílẹ̀. Ewé tí a fi pọ́n ọn, ọmọ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n ata àti tòmátì, àtọ̀húnrìnwá ni wọ́n, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ré òkun wá lẹ́yìn 1492. Àlùbọ́sà wá láti Éṣíà. Ẹ kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá síwájú rẹ̀, kí ẹ wá fetí sí ariwo. Ẹnì kan á ní irọ́ ni, pé bàbá ńlá òun ló ni àgbàdo. Òmíràn á ní kí ẹ má fi kòkó ṣeré, kòkó tó kọ́ Cocoa House n'Ìbàdàn! Bẹ́ẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkó ti wá, Íńdíà sì ni dóńgóyárò tí a ń sè mu nítorí ibà ti wá. Ẹ má yọ àwọn àlejò wọ̀nyí kúrò nínú àfihàn. Àríyànjiyàn yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ewé mọ́ínmọ́ín, ewé eéran. *Thaumatococcus daniellii* ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Abẹ́ ibòòji igi ńlá ló ń hù, ewé rẹ̀ á dá dúró lórí ọ̀pá gígùn. Ọ̀pọ̀ tó ń rà á lọ́jà kò rí èso rẹ̀ rí, nítorí kì í so sókè níbi tí ewé wà. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló máa ń wà, létí ilẹ̀, pupa, oníhà mẹ́ta. Ẹ là á: kóró dúdú ni ẹ ó bá nínú rẹ̀, ohun kan tó ń dán tó sì ń yọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ibẹ̀ ni thaumatin, èròjà aládùn kan, wà. Bí a bá wọ̀n ọ́n mọ́ ṣúgà, adùn rẹ̀ ju ti ṣúgà lọ ní ìlọ́po 2,000, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ ń fi í sínú ṣingọ́ọ̀mù àti ohun mímu. E957 ni wọ́n máa ń kọ sára páálí. Ẹ fi irú páálí bẹ́ẹ̀ ti ewé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmọdé kò ní tètè kúrò níwájú tábìlì yín.

Ewé tútù kì í fara da ìrìn àjò. Ẹ má gbé e, ìlú tí ẹ bá dé ni kí ẹ ti rà á lọ́wọ́ eléwé ọmọ, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó jókòó tì yín kó máa ṣàlàyé. Kí ẹ san owó rẹ̀ o! Àlàyé àgbo tó bá ṣe kò gbọdọ̀ di ìwọ̀n oògùn lára pátákó yín.

Èyí tí a bá fẹ́ gbé kiri, a ó tẹ̀ ẹ́ gbẹ láàárín ìwé ìròyìn, a ó sì rán an mọ́ bébà líle. Iléeṣẹ́ ìwádìí igbó n'Ìbàdàn ní irú rẹ̀ tó lé ní 100,000, ẹ lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tẹ tiyín fún ọwọ́ ọmọdé, torí káàkiri àgbáyé ni wọ́n ti fi oró mẹ́kúrì pa kòkòrò lára àwọn ti àtijọ́, oró náà kì í sì í ṣí. Tiyín ńkọ́, kí ni ẹ ó fi pa kòkòrò? Ẹ dì í sínú ọ̀rá, kó wà nínú fírísà tó tutù tó −20°C fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí iná ò bá ṣeé gbọ́kàn lé, ẹ bá àwọn tó ń ta ẹja yìnyín sọ̀rọ̀, kí ẹ sáà di ọ̀rá náà dáadáa. Ẹlú tí wọ́n gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sá gbẹ, kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e ti aṣọ àdìrẹ, kí ẹ má sì jẹ́ kí oòrùn ran aṣọ náà.

Bí àfihàn bá máa kọjá sí Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ ti gba ìwé àṣẹ ewéko lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí i kí ẹ tó dé bọ́dà, pàápàá fún irúgbìn àti iyẹ̀pẹ̀. Fún àwọn ará wa ní Brasil àti Kúbà, àwòrán ti tó. Igi ọ̀pọ̀tọ́ kan ni wọ́n fi ṣe ìrókò ní Bahia ní Brasil, àgbọn ni wọ́n fi rọ́pò obì ní Kúbà, bẹ́ẹ̀ peregún àti akòko dé Bahia tọrúkọ-tọrúkọ.

Ẹ fi pátákó kan sílẹ̀ lófìfo pẹ̀lú gègé tí a so mọ́ ọn. Orúkọ tí Ìjẹ̀bú ń pe ewé lè máà jẹ́ ti Èkìtì. Èyí tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ àlàyé kí ẹ tó dé Adó.