Atọ́kùn Kì í Gbé Ẹ̀kú Wọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sọ ní Ìbàdàn. Mo tún un kọ fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀, mo sì fi ìwọ̀nba ohun tí àkókò kò jẹ́ kí n sọ lọ́jọ́ náà kún un.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi.

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa máìkì àti kámẹ́rà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo orúkọ tí wọ́n ń pè wá. Ẹ tan rédíò, ẹ ó gbọ́ ẹnì kan tí yóò ní, "Èmi ni atọ́kùn ètò yín." Gbogbo wa là ń sọ ọ́. Ó ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í rántí ibi tí a ti mú un wá mọ́. Agbo eégún ni a ti mú un wá. Atọ́kùn ló ń tọ́ eégún kiri ìlú. Òun ló mọ ilé tí wọ́n ń lọ, òun ló ń rí kòtò tí eégún kò lè rí nítorí àwọ̀n tó bò ó lójú. Ohùn eégún a máa ha. Bó bá súre, atọ́kùn ni yóò tún un sọ kí ìyá arúgbó tó kúnlẹ̀ lè gbọ́ kó sì ṣe àṣẹ. Ẹnu atọ́kùn gbọ́dọ̀ dá ṣáká, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ yá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ti ilé rẹ̀ jáde wá wo atọ́kùn.

Eégún tiwa ni ọ̀rọ̀ tí a gbé wá: ìròyìn, àlejò tó jókòó níwájú wa, ìkéde, ẹni tó pè wá lórí fóònù láti oko. Àwọn ni ìlú ń wò. Ohun tó ń dùn mí nínú iṣẹ́ yìí lónìí ni pé atọ́kùn púpọ̀ ti gbé ẹ̀kú wọ̀, eégún wá ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn láìní ẹni tó ń tọ́ ọ. Àlejò ò tíì dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ tí atọ́kùn ti ń sọ ìtàn tara rẹ̀. Mo ti gbọ́ ètò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n pe dókítà sí, tí dókítà ò sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Orúkọ kejì tó yẹ ká wò ni ti rédíò fúnra rẹ̀. Àwọn bàbá wa pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní ọdún 1935, nígbà tí Rediffusion kọ́kọ́ dé Èkó, wáyà ni wọ́n fi ń fa ohùn wọlé dé inú ilé, sínú àpótí kan báyìí. Olówó oṣooṣù ni, púpọ̀ nínú ohun tó ń sọ sì ń ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Ó ń sọ, ẹ ń gbọ́. Bí ẹ bá ní èsì, ẹ sọ ọ́ fún ògiri. Ẹni tó sọ nǹkan náà ní asọ̀rọ̀mágbèsì kò ṣàwàdà rárá. Ó rí i pé agbára wà lọ́wọ́ ẹni tó lè sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè dá a lóhùn.

Ní 1953, ìtumọ̀ orúkọ yẹn hàn kedere. Olóyè Anthony Enahoro gbé àbá òmìnira wá sí ilé aṣòfin ní Èkó, ọ̀rọ̀ di wàhálà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group sì jáde kúrò níjòókòó. Gómìnà Macpherson, òyìnbó tó ń ṣàkóso Nàìjíríà nígbà náà, bọ́ sórí rédíò, ó bẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún àwọn náà láyè lórí rédíò kan náà láti fèsì. Wọn kò fún wọn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bá pinnu pé àwọn yóò ní ilé iṣẹ́ tiwọn. Bí WNTV ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn nìyẹn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, tó di tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ní Áfíríkà. Rédíò WNBS tẹ̀ lé e ní 1960. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ ìtàn yìí dáadáa, nítorí èsì tí wọ́n fi du ènìyàn kan wà nínú ohun tó bí ilé tí a ń jẹun níbẹ̀.

Màmá Àníkẹ́ Agbájé-Williams ni ojú wọn kọ́kọ́ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n náà. Bàbá Kúnlé Ọláṣọpé ka ìròyìn. Ẹ rò ó wò: kò sẹ́nì kankan ní Nàìjíríà tó ti ṣe é rí tí wọ́n lè lọ wò kí wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Púpọ̀ nínú ètò ìgbà yẹn sì jẹ́ ojúkorojú. Bí ọ̀rọ̀ bá bọ́, ó ti bọ́ nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ yẹn ni mo máa ń rántí bí ọ̀dọ́ kan bá sọ fún mi pé òun ò lè ṣe ètò láìjẹ́ pé òun gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kí òun tó mú èyí tó dára jù níbẹ̀.

Àwọn tó wá fi Yorùbá gbé iṣẹ́ náà ga, inú ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti wá kí wọ́n tó dé ìdí máìkì. Alàgbà Adébáyọ̀ Fálétí jẹ́ akéwì àti eléré orí ìtàgé kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ ní WNTV, wọ́n sì di ọ̀gá àgbà ní ilé iṣẹ́ BCOS ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lẹ́yìn náà. Wọ́n jáde láyé ní oṣù Keje ọdún 2017. Ewì ni Alàgbà Túbọ̀sún Ọládàpọ̀ náà gbé wọ rédíò. Ohùn wọn dára, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohùn dídára kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé.

Nígbà ayé NBC àtijọ́, ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀, gángan ni wọ́n fi ń ṣí ètò. Gbólóhùn òyìnbó tó ń pe orúkọ ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n ní ìlù náà ń sọ. Àgbàlagbà kan níbí sọ fún mi pé ní agbo ilé tiwọn, ohun tí gbogbo ọmọdé ń gbọ́ ni, "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" Ìlù kan náà ni o. Etí tó ń gbọ́ ọ ni kò gba òyìnbó, ó wá èyí tó bá ohùn mu nínú èdè tirẹ̀. Irú etí bẹ́ẹ̀ ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀ láràárọ̀. Bí ẹ bá ṣi ohùn, yóò gbọ́ nǹkan mìíràn, kò sì ní pè yín láti béèrè.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá ẹ̀yin akàròyìn jà lórí àmì. Ìwé ìròyìn a dé láti orí kọ̀ǹpútà láìní àmì kankan: "Olopaa ti gba oko naa." Oko wo? Ṣé ilẹ̀ tí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sí ni, tàbí ọkọ̀ tí àwọn olè fi sá lọ, tàbí ọkọ́ tí wọ́n fi ṣá ènìyàn, tàbí ọkọ ìyàwó? Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kà á kò mọ̀ títí ẹ ó fi ka gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, ìgbà yẹn ẹ ti wà lórí afẹ́fẹ́. Ẹ mú bírò. Ẹ fi àmì sí i kí ẹ tó wọ sítúdíò, ẹ fi ìlà kékeré sí ibi tí ẹ ó ti mí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lórí ìyàtọ̀ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, mi ò ní pẹ́. Lórí rédíò, ẹ̀yin ni ojú olùgbọ́: bí àlejò bá bú sẹ́kún, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ẹkún ni. Lórí tẹlifíṣọ̀n, a ti rí i. Ẹ dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn, ó sì gùn díẹ̀.

Gbénga Adébóyè, tí ayé ń pè ní Fúnwọntán, tó tún pe ara rẹ̀ ní Alhaji Pastor Olúwo, ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1959 ni wọ́n bí i. Ọmọ oṣù kan ni nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2003, kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlélógójì. Òun nìkan a máa ṣe ohùn bàbá, ohùn ìyá, ohùn ààfáà àti ti wòlíì nínú ètò kan, kàsẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ń tà dé ibi tí ìgbì rédíò kò dé. Kọ́lá Ọláwuyì, tó kú ní 2007, gba ọ̀nà mìíràn: nínú ètò Nǹkan Ń Bẹ, ó gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lọ, ó jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ohun abàmì tó ṣẹlẹ̀. Àwọn méjì yìí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ gbà pé ènìyàn lè fi ẹnu ara rẹ̀ jẹun láìjẹ́ òṣìṣẹ́ olóṣù.

Òfin ọdún 1992 tó dá àjọ tó ń bójú tó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ sílẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún aládàáni. Ní 1994, Raypower, rédíò aládàáni, ti wà lórí afẹ́fẹ́. Lónìí, bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ṣe ń jẹun rèé. Ó ń ra àkókò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rédíò, ká ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Ó ti sanwó kó tó la ẹnu. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò jáde lọ wá ìpolówó lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta àgbo, ẹni tó ń ta ilẹ̀, wòlíì, ààfáà, ìyá olóúnjẹ. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn owó àkókò ni tirẹ̀. Ní Sátidé, yóò lọ darí ètò níbi ìgbéyàwó àti òkú àgbà, ohùn tí wọ́n mọ̀ lórí rédíò ló sì ń mú òde wá. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ FIBAN. Iṣẹ́ tó níyì ni, òun ni mo fi rán ọmọ mi méjèèjì nílé ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ẹni tó sanwó lè fẹ́ di eégún. Òfin sọ pé ìpolówó oògùn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ NAFDAC. Ní 2004, àjọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ fòfin de àfihàn iṣẹ́ ìyanu tí kò ní ẹ̀rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Òfin wà, ilé a sì máa gbóná ní ìparí oṣù. Èmi náà gba owó alágbo kan rí. Ó ní àgbo òun ń wo ìtọ̀ ṣúgà sàn pátápátá, mo sì ń sọ ọ́ lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bàbá kan pè lórí afẹ́fẹ́. Ó kí mi dáadáa, ó kí ìyàwó mi, ó wá ní, "Ṣé ẹ̀yin náà ń mu ún? Ìyàwó mi ti pa oògùn ọsibítù tì nítorí yín." N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo fi orin sí i. Lọ́jọ́ kejì, mo dá èyí tó kù nínú owó padà, mo lọ sọ lórí afẹ́fẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa oògùn dókítà tì. Bóyá ìyá yẹn gbọ́, n kò mọ̀ títí di òní.

Kí 2001 tó kó fóònù alágbèéká dé, bàbá yẹn kì bá tí rí mi dá lóhùn. Láti ìgbà náà ni orúkọ asọ̀rọ̀mágbèsì kò ti bá rédíò mu mọ́. Ó ti ń gba èsì. Èyí ló jẹ́ kí iṣẹ́ wa le ju ti àwọn ọ̀gá wa lọ, tó sì jẹ́ kó dùn jù: ìdajì rẹ̀ ti di fífetí sílẹ̀. Bí ẹni tó pè bá ń kí gbogbo ará ilé yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má já fóònù mọ́ ọn lójú. Ó ti pè ní ìgbà ogún kó tó wọlé. Ìkíni yẹn ló fi ń kó ọkàn rẹ̀ jọ láti sọ ohun tó ń dùn ún.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìkéde òkú tí mo fẹ́ sọ, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ fi yín sí, ẹ ó sì rò pé iṣẹ́ kékeré ni.

Ní ilé iṣẹ́ rédíò kan tí mo ti ṣe nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n gbé ìkéde kan fún mi nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Tíṣà àgbà kan ló kú. Ìwé náà ní ìsìnkú yóò wáyé ní Satidé "ni Ado". Mo kà á pé Adó-Èkìtì, nítorí Adó-Èkìtì ni Adó tí èmi mọ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta títí di Ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ Adó-Àwáyè ni bàbá náà, Adó tó wà lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, lẹ́sẹ̀ òkè tí adágún Ìyákẹ́ wà lórí rẹ̀. Ẹbí mọ ilé wọn. Àwọn tí kò mọ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí bàbá kọ́ káàkiri ní ogójì ọdún sẹ́yìn, tí wọn ò mọ ìlú tí tíṣà wọn ti wá.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyá kan wá sí ilé iṣẹ́ wa, aṣọ dúdú ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní mẹ́jọ làwọn, àwọn dáwó ọkọ̀, àwọn dé Adó-Èkìtì ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, àwọn ń béèrè láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀ṣì títí di aago kan. Bàbá yẹn ló san owó ìdánwò ìwé mẹ́fà fún wọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn mọ ibi tí sàréè wà. Mo bá wọn lọ ní Satidé tó tẹ̀ lé e.

Láti ọjọ́ náà, n kì í ka ìkéde òkú tí n kò pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo máa ń ní kí ẹni tó bá gbé e fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ olóògbé fún mi, kó pe orúkọ ìlú, kó sọ ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú náà. Mo ń fi àmì sí i bó ṣe ń pè é. Lẹ́yìn náà, mo máa ń kà á padà fún un lórí fóònù, bí yóò ṣe dún lórí afẹ́fẹ́ gan-an, mo sì ń dúró kó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."