Bí Ṣúgà Tó Já Wálẹ̀ Lóru Ṣe Ń Da Ìlù Ọkàn Rú

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ní Òṣogbo níbí, bí wọ́n bá ti sọ fún èèyàn pé ó ní àtọ̀gbẹ, ẹsẹ̀ àti ojú ni gbogbo ilé máa ń bẹ̀rù fún: kí egbò má sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, kí ojú má fọ́. Ìbẹ̀rù yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn ni mo bá wá lónìí, pàápàá bó ṣe ń lù.

Ọkàn ní iná tirẹ̀. Ibì kékeré kan wà lókè lápá ọ̀tún rẹ̀ tí iná náà ti ń jáde, ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan tí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́. Ibẹ̀ ni ìyáàlù wà. Ohun tó bá dá ni ìyókù ẹran ara ọkàn ń gbè. Willem Einthoven, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló ṣe ẹ̀rọ tó ń ya iná yìí sórí ìwé kí á lè kà á, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1924. Òun ni ECG tí ẹ ń gbọ́. Kì í dunni, wọn kì í sì í fa ẹ̀jẹ̀ fún un.

Tí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń ba àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ọkàn jẹ́, bó ṣe ń ba ti àtẹ́lẹsẹ̀ jẹ́. Ọkàn ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa sáré kọjá 100 lórí ìjókòó. Tó bá dìde, òòyì á kọ́ ọ. Ó tún lè jẹ́ pé ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ọkàn ti dí, kí àyà má sì dùn ún rárá. Á kàn rẹ̀ ẹ́, á máa làágùn, àwọn ará ilé á ní ibà ni. Ẹran ara ọkàn náà ń le, iná ò rí ọ̀nà gbà dáadáa mọ́, ìyẹ̀wù òkè á wá máa gbọ̀n dípò kó lù. Ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀, bó bá sì gbéra lọ sí ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ dé.

Ṣúgà tó ga ni mo ń sọ látẹ̀ẹ̀kan. Èyí tó kéré jù gan-an ló gbé mi wá.

Tó bá ti wálẹ̀ ju 70 mg/dL lọ lórí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà, ara á tú adirẹnálíìnì jáde, omi ara tó ń ta wá jí bí ewu bá dé. Òun ló ń fa ọwọ́ tó ń gbọ̀n, àyà tó ń lù kì-kì, òógùn tútù. Òun àti ínsúlíìnì, omi ara tó ń já ṣúgà wálẹ̀, tún ń lé pọ̀tásíọ̀mù, irú iyọ̀ ara kan, kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Pọ̀tásíọ̀mù yìí sì wà lára ohun tí ọkàn fi ń múra sílẹ̀ fún ìlù tó kàn. Tó bá dín kù, ìmúra náà á pẹ́. Lórí ECG, àlàfo tí wọ́n ń pè ní QT á gùn. Bó bá gùn jù, ọkàn lè ṣi ìlù, kó máa gbọ̀n lásán, kó sì dákẹ́. Ní 1991, àwọn dókítà méjì, Tattersall àti Gill, kọ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa àwọn ọ̀dọ́ alátọ̀gbẹ tí ara wọn le wọlé sùn, tí wọ́n bá òkú wọn lórí ibùsùn láàárọ̀, tí aṣọ ibùsùn ò sì rú. Ṣúgà tó já wálẹ̀ lóru ni wọ́n fura sí jù.

Báwo ló ṣe ń kan àwa? Ká ní ìyá kan lo Daonil, oògùn tó ń já ṣúgà wálẹ̀, tí dókítà kọ fún un, ó fi àgbo ìtọ̀ ṣúgà lé e, kò sì jẹun alẹ́ nítorí wọ́n ti fi ẹ̀bà dẹ́rù bà á. Agbára Daonil lè wà lára mọ́jú. Tàbí ó ń gbààwẹ̀, yálà ti Ràmàdánì ni tàbí ti ìjọ, kò sì jẹ́ kí dókítà tún oògùn rẹ̀ ṣe ṣáájú. Tàbí ibà mú un, ó lọ ra quinine ní kẹ́mísì. Quinine ń fa ínsúlíìnì jáde, ó ń já ṣúgà wálẹ̀, ó tún ń na àlàfo QT. Chloroquine tí a ń lò fún ibà àti erythromycin tó ń pa kòkòrò àrùn náà ń na án. Inú mi kì í dùn sí bí a ṣe ń dá oògùn rà láìsọ fún ẹni tó ń tà á pé a ní àtọ̀gbẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí ju oògùn rẹ̀ nù o. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń lò, tàgbo-tàgbo, lọ bá dókítà, kí ẹ sì béèrè fún ECG. Wọ́n ń ṣe é ní ilé ìwòsàn ńlá UNIOSUN níbí.

Nígbà ìbéèrè, ìyá kan ní kí lòun á ṣe bí bàbá bá ń làágùn, tó ń sọ ìsọkúsọ lóru. Mo ní: mà, tó bá lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní ṣúgà oníhóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Tó bá ti gòkè, ẹ wá oúnjẹ fún un. Tí kò bá lè gbé e mì, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ dà á dẹ̀gbẹ́, kí ẹ ké sí àwọn ará ilé, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru náà.