Ẹ Wá Onílù Kí Ẹ Tó Wá Dígí

Wọ́n pè mí wá sọ̀rọ̀ níbi ètò kan lórí bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé níjó. Kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, arábìnrin kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó kí mi tán, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, dígí ńlá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn, èló ni wọ́n ń tà á báyìí?" Ó fẹ́ dá ilé ijó sílẹ̀ fún àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀. Ó ti gba ṣọ́ọ̀bù, ó ti ra spíkà, dígí ló kù. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mi ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o, ara mi ni mo rí. Ìbéèrè rẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà lẹ sì ń kà yìí, àyàfi pé mo ti yọ díẹ̀ nínú àwàdà rẹ̀ kúrò.

Nígbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, dígí ni mo kọ́kọ́ rà. Mẹ́rin ni. Ọ̀kan fọ́ sínú ọkọ̀ kó tó délé. Àwọn ọmọ wọlé, wọ́n rí ara wọn nínú mẹ́ta tó kù, ọ̀rọ̀ parí. Eléyìí ń tún irun ṣe, tọ̀hún ń wo bí ìdí òun ṣe ń mì. Ìlù ń dún nínú spíkà, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Wọ́n ń ka "wáànù, túù, tíríì" títí dé ẹéètì bí ẹni ń ka owó àjọ.

Ijó bàtá tí à ń kọ́ wọn ò ṣeé kà bẹ́ẹ̀. Bàtá tí à ń lò, mẹ́rin ni: ìyá ìlù, omele abo, omele akọ àti kúdi. Ìyá ìlù ló ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń gbè é. Ojú méjì ló ní: ojú òjò tó fẹ̀, tí wọ́n máa ń lẹ ìda mọ́ kí ohùn rẹ̀ lè wálẹ̀, àti ṣáṣá tó kéré, tí wọ́n ń fi bílálà nà. Dùndún lè fa ohùn bí ẹnu èèyàn. Bàtá ò lè fà á, ṣe ló ń gé e kélekèle, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní akólòlò. Etí tí kò mọ́ ọn lára, ariwo lásán ló máa gbọ́. Ìlù sì lè já lójijì nígbà tí ẹsẹ̀ oníjó ṣì wà lókè. Ibẹ̀ gan-an la ti ń mọ ẹni tó ń gbọ́ ìlù àti ẹni tó há ijó sórí.

Ọmọ ọdún 10 kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ìyá rẹ̀ ń ta ẹja nínú ọjà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n jó tó o níwájú dígí. A wá lọ jó níbi ìkómọ kan, onílù gidi ni wọ́n pè. Bàbá náà lu ìlù dé ibì kan, ó gé e. Ọmọ ń jó lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé tòsì, ó fi èjìká méjèèjì gbọ̀n, kò sí ìlù kankan nílẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó bojú wò mí, èmi sì mọ̀ pé èmi ló jẹ̀bi.

Ọjọ́ kejì ni mo wá bàbá onílù yẹn lọ sílé. Ó gbọ́ mi tán, ó ní: "Ẹ ní kí wọ́n jókòó." Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko làwọn ọmọ ò jó. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n kẹ̀yìn sí i, ọwọ́ lórí itan. Tí omele abo bá yí padà, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó bá yá jù, ẹni tó bá pẹ́ jù, gbogbo wa la gbọ́. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n dìde dúró, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, èkejì lókè, kí wọ́n máà sọ ọ́ kalẹ̀ àfi tí ìyá ìlù bá pè é. Ọmọ ẹlẹ́ja yẹn ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ìlù pè, ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀lú ìlù gẹ́lẹ́, ó sì pariwo bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Àwọn ọmọ ilé àyàn ti mọ èyí látẹ̀yìn ìyá wọn. Ọmọ tiwa tó dé lọ́mọ ọdún 9 ò mọ̀ ọ́n, a sì gbọ́dọ̀ kọ́ ọ.

Ẹnì kan nínú àpéjọ ní owó onílù pọ̀. Ó pọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ọjọ́ Sátidé lẹ fẹ́ pè é, ọjọ́ tí gbogbo òde ń wá a, tí wọ́n sì ń ná an lówó. Ẹ mú ọjọ́ Túsìdeè tàbí Tọ́sìdeè, tí ìlù rẹ̀ ń so rọ̀ mọ́ ògiri. Kí ẹ sì sanwó fún un kó tó kúrò nílẹ̀. Ẹ má sọ fún un pé iṣẹ́ ọmọdé ni, kó kàn wá ràn yín lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tiẹ̀ náà ń jẹun.

Kí ẹ má rò pé àṣà àtijọ́ ni mò ń gbé ga. Àwọn oníballet, ijó òyìnbó yẹn gan-an, ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọn ńláńlá, èèyàn ló ń jókòó ti dùùrù nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọmọ. Ní Cuba, níbi tí bàtá àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú dé, tó di mẹ́ta, iyá, itótele àti okónkolo, orí okónkolo tó kéré jù ni ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Etí ló ń kọ́ níbẹ̀ kó tó kan ọwọ́.

Ẹ ó rántí ọmọ tó jó nínú òjò. Lọ́dún 2020, fídíò Anthony Mmesoma Madu, ọmọ ọdún 11, gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan: ẹsẹ̀ lásán, ilẹ̀ tútù, òjò ń rọ̀, ó ń jó ballet bí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn ọba. Àjàǹgbádì l'Ékòó ni, ní Leap of Dance Academy tí Daniel Ajala dá sílẹ̀ lọ́dún 2017. Ajala fúnra rẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tó mọ̀, fídíò ló fi kọ́ ọ, kì í sì í gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tó yá, Madu wọ Elmhurst Ballet School ní Birmingham. Nínú fídíò yẹn, gbogbo ayé ń wo ọmọ náà. Èmi ń wo ilẹ̀, àyà mi sì ń já.

Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì kì í gba ẹsẹ̀. Agbára tí ọmọ bá fi lù ú, ojúgun àti orúnkún ọmọ ló ń dá a padà sí. Egungun ọmọdé ṣì ń gùn, ibi tó ti ń gùn kò sì tíì le. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ ballet kì í sábà jẹ́ kí ọmọ wọ bàtà tí wọ́n fi ń dúró lórí ìka ẹsẹ̀ kó tó tó ọmọ ọdún 11 tàbí 12, kó sì ti kọ́ ijó fún ọdún mélòó kan. Táìlì tí ẹ rò pé ó gbayì, ó le bíi sìmẹ́ńtì, ó tún ń yọ̀. Bàtá sì rèé, ìdajì rẹ̀ ni ìfò.

Káfíńtà àdúgbò ló ṣe tiwa. Ó to igi gbọọrọ sílẹ̀, ó gé táyà àlòkù sábẹ́ wọn, ó kan plywood ìlọ́po méjì lé e, àlàfo wà nísàlẹ̀. Ìdajì yàrá lowó wa ká, nítorí náà orí rẹ̀ nìkan la ti ń fò. Bí ọmọ bá ní ojúgun ń ro òun, mi ò ní sọ fún un pé kó fara dà á. Á lọ jókòó ti onílù, á máa fi ọwọ́ gbè é títí ara á fi yá.

Ti àwọn òbí ò gùn. Lọ́dún 1944 ni Hubert Ògúndé ti gbé eré jáde ní Glover Memorial Hall l'Ékòó, síbẹ̀ bàbá kan ṣì wò mí lójú lọ́dún tó kọjá pé òun ò bí alárìnjó. Mi ò bá a jiyàn, àga ni mo gbé fún un. Ilẹ̀kùn wa máa ń ṣí sílẹ̀ ni, kò sí àgbàlagbà tó ń dá wà pẹ̀lú ọmọ kan, kò sì sẹ́ni tó ń gbé fídíò ọmọ jáde láìbéèrè lọ́wọ́ òbí. Òde tí wọn ò bá ti sọ aago tí àwọn ọmọ máa jó àti ohun tí wọ́n máa jẹ, a kì í lọ mọ́. Ilé iṣẹ́ kan fi wọ́n jókòó láti aago 12 ọ̀sán títí di 7 alẹ́, omi inú ọ̀rá ni wọ́n fún wọn. Bàbá tí mo gbé àga fún yẹn ló bá wa kó wọn délé lọ́jọ́ náà.

Arábìnrin onídígí pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ti rí onílù. Onílé ló ń bá a jà báyìí, ó ní ariwo ti pọ̀ jù lókè. Mo ní kó lọ bẹ̀ ẹ́, kó yí aago padà sí ìgbà tí onílé bá wà níbi iṣẹ́. Dígí mẹ́ta mi ńkọ́? Méjì wà lọ́dọ̀ onídìrí tó wà lápá ọ̀tún wa. Ẹyọ kan ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà wa, níbi tí àwọn ọmọ ti ń so ṣaworo mọ́ ẹsẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.