Ibi tí Jẹjẹrẹ Ọmú Ti Pọ̀ Kọ́ Ló Ti Ń Pa Obìnrin Jù

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn agbẹ̀bí àti àwọn olùkọ́ sọ ní Kétu nílẹ̀ Benin nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ará Àjàṣẹ́, Ṣábẹ àti Pọ́bẹ̀ tí wọn kò ráyè wá, mo sì fi díẹ̀ nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí kún un.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ bá wọn wá, ẹ ṣeun gan-an, torí ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ní Ọsirélíà àti Niu Sílándì, bí ẹ bá kó 100,000 obìnrin jọ, nǹkan bí 95 nínú wọn ni jẹjẹrẹ ọmú ń mú lọ́dún kan. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, nǹkan bí 41 ni. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á ní àrùn òyìnbó ni, Ọlọ́run ti bá wa ṣe é. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ka àwọn tó kú. Lọ́hùn-ún, nǹkan bí 12 ló ń kú lọ́dún nínú 100,000. Lọ́dọ̀ wa, 22. Bí a bá gbé iye ikú lé orí iye àwọn tí àrùn mú, tiwọn jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́jọ, tiwa sì lé ní ọ̀kan nínú méjì.

Ìṣirò ọdún 2020 nìyẹn, ti àjọ IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lyon nílẹ̀ Faransé. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé bóyá torí pé arúgbó pọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọdé pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Wọ́n ti ro ti ọjọ́ orí mọ́ ìṣirò náà, wọ́n kà á bíi pé bákan náà ni ọjọ́ orí àwọn obìnrin ibi méjèèjì rí.

Ilẹ̀ Melanesia, ìyẹn àwọn erékùṣù bíi Fiji àti Papua New Guinea, ló ṣáájú gbogbo ayé nínú ikú yìí: ó lé ní 27 nínú 100,000. Àwa wà lára àwọn tó tẹ̀ lé wọn gbọ́ngbọ́n. Níbi tó kéré jù, Ìlà-oòrùn Éṣíà, kò pé 10. Àjọ Ìlera Àgbáyé tún sọ ọ́ lọ́nà mìíràn tó yé èèyàn kíá: nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó rí já jẹ jù, obìnrin kan nínú 12 ni àrùn yìí máa bá láyé rẹ̀, ọ̀kan nínú 71 ni yóò sì pa. Nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí já jẹ, ọ̀kan nínú 27 ló máa bá, ọ̀kan nínú 48 ni yóò pa.

Kí ló dé tí iye àwọn tí àrùn yìí ń mú fi kéré lọ́dọ̀ wa? Àwọn ìyá wa ló ń ṣe ohun tó ń dáàbò bò wọ́n láìmọ̀. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2002, tí wọ́n kó èsì rẹ̀ jọ láti orílẹ̀-èdè 30, rí i pé bí obìnrin bá fi oṣù 12 fún ọmọ lọ́mú, ewu rẹ̀ á fi ìdá 4 nínú 100 dín kù, ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá sì bí á tún fi ìdá 7 dín in. Ẹ wo ìyá tó bí ọmọ mẹ́fà, tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́mú fún ọdún méjì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin wa tó wà ní Kútọnu báyìí, wọ́n ń kàwé di ẹni ọdún 25, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń bí, wọn a sì tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. N kò bá wọn wí, kí wọ́n kàwé wọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé àrùn yìí yóò pọ̀ sí i lọ́dọ̀ wa, ó sì ti ń pọ̀ sí i. Ìṣirò tí IARC gbé jáde lọ́dún 2025 sọ pé bí nǹkan bá ń lọ báyìí, nígbà tó bá máa fi di 2050, àwọn tí àrùn yìí ń mú lágbàáyé yóò fi ìdá 38 nínú 100 pọ̀ sí i, àwọn tó ń kú yóò sì fi ìdá 68 pọ̀ sí i. Àwọn orílẹ̀-èdè tí kò múra sílẹ̀ ni ẹrù náà máa wọ̀ lọ́rùn jù.

Àmọ́ ikú yìí ṣeé dín kù, a sì ti rí ibi tó ti dín kù. Ní Amẹ́ríkà, ó ń ga sókè títí di ọdún 1989, ó wá yí padà. Nígbà tó fi máa di 2022, ó ti fi ìdá 44 nínú 100 wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tí àrùn náà ń mú ṣì ń pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Bìrìtìkó àti lọ́pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù. Oríṣiríṣi nǹkan ló para pọ̀ ṣe é: wọ́n ń tètè rí kókó, iṣẹ́ abẹ dára sí i, oògùn ṣímìò tó ń pa jẹjẹrẹ wà. Àti oògùn kan tó kéré lójú, tamoxifen, hóró kan lójúmọ́ fún ọdún márùn-ún, ó kéré tán. Fún obìnrin tí jẹjẹrẹ tirẹ̀ jẹ́ irú tó ń gba agbára lára hómóònù, ìyẹn èròjà tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, oògùn yìí ń gba nǹkan bí ẹnì kan sílẹ̀ nínú mẹ́ta tí ìbá kú. Kì í ṣe oògùn tuntun, kò sì wọ́n bí àwọn yòókù.

Nínú Amẹ́ríkà kan náà, ẹ̀jẹ̀ wa tó wà níbẹ̀ kò jẹ nínú oore yẹn dọ́gba. Jẹjẹrẹ ọmú ń mú obìnrin aláwọ̀ dúdú ní ìdá 5 nínú 100 dín sí ti obìnrin aláwọ̀ funfun, síbẹ̀ ikú tiwọn fi ìdá 38 ju tàwọn aláwọ̀ funfun lọ. Díẹ̀ nínú èyí wá láti inú ara. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di ìlú mọ̀ọ́ká ní Chicago, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí. Irú jẹjẹrẹ ọmú kan wà tí oògùn hómóònù kì í ràn. Ó máa ń tètè dàgbà, ó máa ń mú àwọn tí kò tíì pé 50, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí orísun wọn jẹ́ apá ọ̀dọ̀ wa níbí. Ẹ mọ èyí, kí agbẹ̀bí má baà wo ọmọ ọdún 32 kó ní “o ṣì kéré, kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.” Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ṣe àwáwí. Ikú àwọn obìnrin dúdú ní Amẹ́ríkà náà ti dín kù gan-an láti ìgbà yẹn wá. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò yí padà, ìtọ́jú ni wọ́n rí gbà.

Ẹ wá wo ilẹ̀ Áfíríkà. Láàárín 2014 sí 2017, àwọn olùwádìí forúkọ obìnrin tó lé ní 2,000 tí jẹjẹrẹ ọmú mú sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Uganda, Zambia, Namibia àti South Africa, wọ́n sì ń tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìdajì péré ló ṣì wà láyé. Nínú àwọn aláwọ̀ funfun ní Namibia, nǹkan bí 9 nínú 10 ló wà. Nínú àwọn ará Nàìjíríà, àwọn tí a jọ pààlà, tí a jọ ń sọ èdè kan náà, 36 nínú 100 ni. Àwọn olùwádìí náà ṣírò pé láàárín 28 sí 37 nínú 100 ikú wọ̀nyẹn ni kì bá wáyé, ká ní wọ́n tètè dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n sì rí ìtọ́jú tó wà ní ìkáwọ́ wa gbà. Wọ́n tún ka àwọn ọmọ tó kù: bí obìnrin 100 tí kò tíì pé 50 bá kú, ọmọ bí 210 ló ń di aláìníyàá.

Kétu la mọ̀ mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọkùnrin á gbé ère lórí, á so ọmú igi mọ́ àyà, á sì jó lójú ọjà láti fi yẹ́ àwọn ìyá sí. Ọmú kì í ṣe ohun ìtìjú nílẹ̀ yìí. Kí ló wá ń dé tí obìnrin tó rí kókó nínú ọmú fi ń gbé e pa mọ́ fún ọkọ, fún ọmọ, fún ìyá tó bí i?

Bó ṣe ń lọ nìyí, gbogbo ẹ̀yin agbẹ̀bí lẹ mọ̀ ọ́n. Obìnrin ń wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan kókó. Kò dùn ún. Torí pé kò dùn ún, ó fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kókó jẹjẹrẹ kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń le, kì í sì fẹ́ yẹ̀ bí a bá fi ìka tì í. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, awọ orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọnú, ó ń rí gbágungbàgun bí èèpo ọsàn, tàbí kí orí ọmú yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ̀jẹ̀ máa jáde níbẹ̀. Ó lọ ra ìpara. Ẹnì kan júwe alágbo fún un, ẹlòmíì ní ọwọ́ ayé ni, kó lọ gbàdúrà. Ìgbà tó dé ilé ìwòsàn àdúgbò, wọ́n kọ oògùn eéwo fún un, ó lò ó tán, wọ́n tún kọ òmíràn. Ọdún ti yí. Wọ́n wá ní kó lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá owó ọkọ̀, owó ọ̀kadà sẹ́míjàn, owó àyẹ̀wò, kó sì wá ẹni tó máa bá a ṣọ́jà. Nígbà tí dókítà fi máa rí i, ọmú ti ya. Àwọn ènìyàn á wá sọ pé “ẹ ò rí i, ilé ìwòsàn ló lọ tó fi kú.”

Ohun kan wà tí ẹ kì í gbọ́, tó sì ń ba ìtọ́jú jẹ́. Kí a tó mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni, wọ́n gbọ́dọ̀ fi abẹ́rẹ́ nínípọn yọ ẹran tín-ín-rín nínú kókó náà. Kíákíá ló yẹ kí wọ́n sọ ọ́ sínú omi fọ́málìnì tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, kó má sì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ lásán, tàbí tí ó dúró pẹ́ jù kó tó dé yàrá àyẹ̀wò, wọ́n lè rí i pé jẹjẹrẹ ni, kí wọ́n má sì lè mọ̀ bóyá irú tí tamoxifen ń ràn ni. Oògùn tó lè gbà á là á wà nílé elégbòogi, kò sì ní sẹ́ni tó máa lè sọ dájú pé tirẹ̀ ni. Ìgò kékeré kan àti ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó ló fà á.

Àwọn kan ń sọ pé kí ìjọba ra ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọmú sí gbogbo ìlú. N kò gbà pé ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ kò dá a lámọ̀ràn fún ibi tí ìtọ́jú kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kíkọ́ àwọn obìnrin láti yẹ ara wọn wò nìkan náà kò tó. Ní Shanghai ní Ṣáínà, wọ́n kọ́ obìnrin tó lé ní 130,000 bí wọ́n ṣe ń yẹ ọmú ara wọn wò, wọ́n sì fi wọ́n wé iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba tí wọn kò kọ́: ikú àwọn méjèèjì kò yàtọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn ni ti Mumbai ní Íńdíà. Wọ́n kọ́ àwọn obìnrin tí kì í ṣe dókítà bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ yẹ ọmú wò, wọ́n ń yẹ àwọn obìnrin wò ní ọdún méjì-méjì, lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn 20 ọdún, ikú láàárín àwọn tó ti lé ní 50 fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 dín kù. Láàárín àwọn tí kò tíì tó 50, kò dín kù, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn ló pọ̀ nínú àwọn tiwa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìtọ́jú tó yá, kì í ṣe wíwá kókó nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sapá kí 60 nínú 100 àwọn tí wọ́n bá rí jẹ́ àwọn tí àrùn wọn ṣì wà níbẹ̀rẹ̀, kí èsì àyẹ̀wò jáde láàárín ọjọ́ 60, kí 80 nínú 100 sì parí ìtọ́jú wọn. Ọjọ́ 60 yẹn ni kí a bẹ̀rẹ̀ sí í kà ní Kétu. Kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan: ọjọ́ tí obìnrin kọ́kọ́ wá, ọjọ́ tí wọ́n fi í ránṣẹ́, ọjọ́ tí èsì dé.

Ìyá àgbà kan ló kọ́kọ́ bi mí: “Ọmọ mi, wọ́n ní bí abẹ bá ti kan kókó, ńṣe ló ń fọ́n káàkiri ara. Ṣé kì í ṣe abẹ ló ń pa wọ́n?” Mo ní, ìyá mi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bi mí. Àwọn tí ẹ rí tí wọ́n kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àrùn náà ti dé ẹ̀dọ̀ tàbí egungun kí wọ́n tó gbé wọn dé ibẹ̀. Ẹni tó bá tètè dé, iṣẹ́ abẹ náà ló ń wò ó sàn.

Bàbá kan dìde, ó ní bí wọ́n bá gé ọmú ìyàwó òun ńkọ́. Mo sọ fún un pé bí kókó bá ṣì kéré, tí ìtọ́jú ìtànṣán sì wà, wọ́n lè yọ kókó nìkan kí ọmú kù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á gé e. Mo ní, bàbá, ìyàwó yín ń wo ojú yín kó tó pinnu bóyá kó lọ. Ẹ sọ fún un lónìí kí nǹkan kan tó ṣe é pé ẹ máa bá a lọ.

Agbẹ̀bí kan ní àwọn tó ń fún ọmọ lọ́mú ń wá pẹ̀lú ọmú tó wú, tó gbóná, báwo ni òun ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Mo ní òtítọ́ ni, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmú wíwú lásán, oògùn á wò ó, kí ọmọ sì máa mu ún lọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fún un lóògùn. Bí kò bá lọ tán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má kọ oògùn kejì. Ẹ kọ lẹ́tà, kí ó lọ ṣe ẹkógíráfì, ìyẹn àwòrán inú ọmú tí wọ́n ń fi ìró yà, kí ẹ sì gba nọ́mbà fóònù ọkọ rẹ̀ tàbí ti àbúrò rẹ̀, kí ẹ pè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti mọ̀ bóyá ó lọ.