Ẹni Tó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn Yín: Ìwà Ọmọlúàbí Lórí Pápá Gọ́ọ̀fù

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tuntun, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti mọ igi gọ́ọ̀fù dì mú dáadáa. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí ni ìwà tí ó yẹ kó bá igi náà rìn.

Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, rẹfirí ló ń fọn fèrè. Lórí pápá tiwa, bí kì í bá ṣe ọjọ́ ìdíje ńlá, kò sí rẹfirí kankan. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ló ń ka iye tó gbá, òun náà ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tó bá rú òfin. Láti 2019, ìwé òfin tí R&A àti USGA, àwọn àjọ méjì tó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù, jọ ń ṣe ti là á sílẹ̀ ní òfin 1.2 pé kí agbábọ́ọ̀lù jẹ́ olóòótọ́, kó máa gba ti ẹlòmíràn rò, kó sì máa tọ́jú pápá. Ìgbìmọ̀ kílọ́ọ̀bù náà láṣẹ láti ṣe òfin ìwà tiwọn, kí wọ́n sì fi ìyà sí i. Lójú tiwa, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ni gbogbo rẹ̀ dá lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó lè pani. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi driver, igi gígùn tó ń gbé bọ́ọ̀lù jìnnà jù, gbá dáadáa lè sáré ju 200 kìlómítà lọ ní wákàtí. Ẹ má gbá a nígbà tó bá ṣì lè bá àwọn tó wà níwájú, títí kan àwọn tó ń gé koríko. Bó bá yà sọ́dọ̀ èèyàn, ẹ pariwo "Fore!" lójú ẹsẹ̀, kí ẹ lo gbogbo ohùn yín. Ìtìjú ló ń pa àwọn kan lẹ́nu mọ́. Wọ́n á ní bóyá kò ní bà á. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì gbọ́ ọ, ẹ má gbójú sókè wá bọ́ọ̀lù kiri. Ẹ fi apá bo orí, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Fífi àkókò ṣòfò ló tún ń dá aáwọ̀ sílẹ̀. Òfin dámọ̀ràn pé, bó bá ti kan èèyàn, tí kò sì sí ìdíwọ́, kó gbá a láàárín 40 ìṣẹ́jú àáyá. Àìmúrasílẹ̀ ló ń jẹ àkókò jù: ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tó kàn án ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ìbọ̀wọ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yan igi. Bọ́ọ̀lù tó sọnù, ìṣẹ́jú 3 lẹ ní láti fi wá a, kì í ṣe 5 ti àtijọ́ mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá fura pé ó wọgbó, ẹ gbá òmíràn láti ojú kan náà kí ẹ tó kúrò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde pé "provisional" ni, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó máa dúró dè é bí ti àkọ́kọ́ bá sọnù. Ẹni tí kò bá sọ ọ́, bọ́ọ̀lù kejì yẹn ló di tirẹ̀, wọ́n á sì fi ẹyọ kan kún iye tó gbá, kódà bó bá padà rí ti àkọ́kọ́ níbi tó dáa. Bí ihò kan bá ṣófo níwájú yín, tí kò sí ẹni tó ń gbá níbẹ̀, tí àwọn kan sì ń dúró lẹ́yìn, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ juwọ́ sí wọn kí wọ́n kọjá.

Orí green, ojú koríko kúkúrú tó yí ihò ká, ni àìbìkítà ti ń hàn jù lọ. Bọ́ọ̀lù tó bọ́ láti òkè máa ń jin ilẹ̀ níbẹ̀ sínú. Ẹ wá ojú rẹ̀ kí ẹ tó mú putter, igi tí a fi ń yí bọ́ọ̀lù sínú ihò. Ẹ ki fọ́ọ̀kì kékeré tí a fi ń tún green ṣe bọ etí ibi tó jìn, kì í ṣe àárín rẹ̀, kí ó dagun díẹ̀, kí ẹ sì ti koríko etí náà wọ àárín, bí ẹni tó ń fa etí aṣọ tó ya pọ̀ kó tó rán an. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ yí i ká, lẹ́yìn náà ẹ fi ìsàlẹ̀ putter tẹ̀ ẹ́ kó tẹ́jú. Àṣìṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n á ki fọ́ọ̀kì sábẹ́, wọ́n á fi hú ilẹ̀ sókè. Lójú, ó ti tẹ́jú. Lábẹ́, gbòǹgbò ti já. Koríko ibẹ̀ á kú, ojú rẹ̀ á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tí ẹ bá tún ṣe dáadáa lójú ẹsẹ̀ á sàn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá rí ti ẹlòmíràn, ẹ bá a tún un ṣe.

Ní àwọn pápá kan ní Nàìjíríà, iyanrìn tí wọ́n po mọ́ epo ló wà níbi ihò dípò koríko, brown là ń pè é. Ẹ fà á kó dán kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, nítorí bọ́ọ̀lù kì í yí tààrà lórí ipasẹ̀.

Ẹ má tẹ ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ẹlòmíràn máa gbà dé ihò. Ẹ má jẹ́ kí òjìji yín bọ́ sórí rẹ̀.

Nínú kòtò iyanrìn, ẹ gba ibi tó rẹlẹ̀ jù wọlé. Ẹni tó bá gba ibi tó ga sọ̀ kalẹ̀ á wó etí kòtò náà. Bí ẹ bá ti gbá a tán, ẹ fi réèkì tẹ́ ibi tí bọ́ọ̀lù wà àti gbogbo ipasẹ̀ yín.

Kádì, ẹni tó ń bá yín gbé àpò igi, kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ owó kí ẹ tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, kí ẹ sì san án kí ẹ tó lọ jókòó ti ohun mímu tútù. Bó bá jù yín lọ lọ́jọ́ orí, ẹ má torí pé ó gbé àpò yín kí ẹ máa pè é ní "ìwọ". Bó bá júwe ibi tí kò tọ́, ẹ má bú u. Ẹ̀yin náà lẹ gbá a. Kódà nínú òfin, bí kádì bá ṣẹ̀, agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ló ń jìyà.

Ti aṣọ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́rùn, kò sí jíǹsì, kò sí síńgílẹ́ẹ̀tì. Ẹ ka ohun tí kílọ́ọ̀bù tí ẹ ń lọ bá kọ sára ògiri.

Ó ku káàdì tí a ń kọ iye tí a gbá sí. Nínú ìdíje, kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ jókòó ti ẹni tó bá yín kọ ọ́, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láti ihò kan dé èkejì. Bí iye tí ẹ kọ fún ihò kan bá kéré sí ohun tí ẹ gbá, wọ́n lè yọ yín kúrò nínú ìdíje. Bó bá pọ̀ jù ú lọ, iye tó pọ̀ yẹn ni wọ́n máa kà sí yín lọ́rùn. Àròpọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ni. Iye orí ihò kọ̀ọ̀kan ni tiyín.