Ìdíyelé Ohun Ọnà Inú Ilé Kí Ogún Tó Dé

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ará wa tó péjọ, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ ère ìbejì, ilẹ̀kùn gbígbẹ́, ìkòkò, ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ òkè àtijọ́ la wá sọ. Ilé àti ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ sínú ìwé ìhágún. Àwọn wọ̀nyí á kàn wọ abẹ́ “ẹrù ilé yòókù”. Ìgbà tí ẹni tó ni wọ́n ṣì wà láyé ló yẹ ká díye lé wọn, torí òun ló mọ ibi tó ti rà wọ́n, ọwọ́ ẹni tó gbẹ́ wọn, àti ibi tí rìsíìtì wà.

Kí adíyelé tó wọlé, ẹ ya ohun ẹbí sọ́tọ̀. Edan, ère idẹ àwọn Ògbóni, tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ bàbá tàbí ère ojúbọ ìdílé kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè fi sínú ìwé ìhágún ara rẹ̀.

Ẹ sọ ìdí tí ẹ fi pe adíyelé fún un pẹ̀lú. Iye ti ìbánigbófò ni owó tí ẹ máa fi ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò. Ó sábà máa ń ga. Iye ti ogún ni èyí tí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà, tí ẹnikẹ́ni kò fipá mú, máa fẹnu kò sí lọ́jọ́ tí olóògbé kú. Ẹni tó bá gbé ìwé ìbánigbófò fún agbowó orí lè san ju ohun tó yẹ lọ. Ní Bìrìtéènì, 40% ni owó orí sábà máa ń jẹ́ lórí ohun tó bá ju £325,000 lọ nínú ogún, ohun kọ̀ọ̀kan tó bá sì tó £1,500 gbọ́dọ̀ dá dúró lórí IHT407, fọ́ọ̀mù owó orí ogún fún ẹrù ilé. Ní Nàìjíríà, wọ́n ti fagi lé irú owó orí bẹ́ẹ̀ láti 1996, àmọ́ kóòtù ṣì ń béèrè iye ogún.

Ẹ béèrè àwọn ọjà tí adíyelé fi ṣe ìwọ̀n. Àwòrán Tutu tí Ben Enwonwu, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, yà ní 1974 ti wà nínú ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó tà á. £200,000 sí £300,000 ni wọ́n fojú bù ú, àmọ́ ó lé ní £1.2 mílíọ̀nù ní gbàǹjo Bonhams ní oṣù Kejì ọdún 2018. Ìwé ìdíyelé tó ti pẹ́ kò ṣeé gbára lé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ ohunkóhun kí adíyelé tó dé. Ojú ìbejì tó ti dán torí wíwẹ̀ àti fífún un lóúnjẹ, osùn tó kù nínú kọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ẹ̀lú tó wà lórí irun: àwọn ló ń jẹ́rìí pé wọ́n tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́. Ọṣẹ àti fánísì á pa ẹ̀rí náà rẹ́, iye rẹ̀ á sì já wálẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú máa ń fi èéfín tàbí pólìṣì bàtà kun ère tuntun, wọ́n sì máa ń rì í mọ́lẹ̀. Èyí ló fà á tí adíyelé fi ń wo ibi tó ti gbó: bí ibi tí ọwọ́ kò lè dé bá gbó bákan náà pẹ̀lú ojú àti àyà, kó fura. Bí ìyẹ̀fun igi bá ń dà sílẹ̀ lábẹ́ ère, kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá dì í, kó má kó ran àwọn yòókù.

Ìwé tí adíyelé bá kọ gbọ́dọ̀ ní gíga, ìbú àti jíjìn ní sẹ̀ǹtímítà, irú igi, ibi tó fọ́, fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti ìdí. Orúkọ tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀ ṣe pàtàkì gan-an. Láàárín ère tí kò lórúkọ àti èyí tí agbẹ́gilére Lamidi Fakeye (1928–2009) fọwọ́ sí, iye yàtọ̀. Kí adíyelé gba owó iṣẹ́ lórí wákàtí tàbí iye ohun tó yẹ̀ wò, kì í ṣe ìdá kan nínú iye tó bá kọ. Bó bá tún fẹ́ rà á, ẹ wá ẹlòmíì.

Bí ẹ bá fẹ́ pín ogún náà ní ìdí-igi, ìyẹn kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ gba ìpín kan, ẹ jẹ́ kó díye lé ìbejì méjì papọ̀ àti lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí bí ẹ bá pín wọn níyà, iye wọn sábà máa ń dín kù. Ẹ ṣọ́ra bí ọmọ tó máa jogún bá wà lókè òkun. Lábẹ́ òfin 1979, ohun ọnà tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918, tàbí èyí tí wọ́n ti lò nínú ètò ìbílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ jáde ní Nàìjíríà láìsí ìwé àṣẹ àjọ tó ń rí sí mùsíọ́mù. Nítorí náà, iye ọjà Lọ́ńdọ̀nù kò bá ère tó ṣì wà n'Ìbàdàn mu, àyàfi bí ìwé àṣẹ náà bá ti wà lọ́wọ́.